Ṣé Kí Ọmọ Wọ Pírámárì 1 Lọ́dún Yìí, àbí Kó Ṣì Dúró? Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Yẹ̀ Wò Kí Oṣù Kẹsàn-án Tó Dé

Lọ́dọọdún, bí oṣù Keje bá ti ń parí lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn òbí ọmọ Yorùbá ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, títí dé Port Harcourt. Ọmọ ti pé ọdún mẹ́rin, tàbí ó ti ń lọ sí márùn-ún. Ṣé kó bọ́ sí Pírámárì 1 lọ́dún yìí, àbí kó ṣì dúró ní jẹ́lé-ó-sinmi? Ilé-ìwé ní ọmọ náà mọ̀wé, kó máa lọ. Bàbá ní kó máa lọ, nítorí ọmọ aládùúgbò tí wọ́n jọ ń ṣeré ti lọ. Ìyá ń wo ọmọ náà bó ṣe ń sùn lórí oúnjẹ bó bá ti ilé-ìwé dé, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

Àwa tí à ń ta bàtà àti báàgì ilé-ìwé mọ àsìkò yìí dáadáa. A máa ń rí ọmọ tí bàtà tó kéré jù lọ́jà wa ṣì ń bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ń wá báàgì Pírámárì 1 fún un. Bó bá gbé e kọ́rùn, báàgì á bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ dé itan. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sanwó, wọ́n á lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Ohun tí a bá pinnu nígbà tí ọmọ wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ìgbà tó bá fẹ́ wọ yunifásítì ló máa fojú hàn. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, kí kálukú lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń lò, ẹ̀dà ti 2013, ò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ọmọ ọdún 5 ni yóò lọ sí kíláàsì ìmúrasílẹ̀ fún ọdún kan. Tó bá pé ọdún 6, yóò wọ Pírámárì 1. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún 6 ní pírámárì, 3 ní JSS, 3 ní SS, kó tó kan yunifásítì. Ohun tí wọ́n ń pè ní 1-6-3-3-4 nìyẹn. Ẹ ro ó pọ̀: ọdún 6 tó fi wọlé, pẹ̀lú ọdún 12 tó lò níbẹ̀, ó di 18.

Òfin UBE ti 2004 tún sọ pé ẹ̀kọ́ pírámárì àti JSS ní ilé-ìwé ìjọba jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì jẹ́ dandan. Òbí tí kò bá rán ọmọ lọ, ilé-ẹjọ́ lè kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kíní. Tó bá tún ṣe é, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lóòótọ́, a ò rí ẹni tí wọ́n ń mú káàkiri lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí òfin ń sọ yé wa: ìdúró ní òpin. Ẹni tó ní òun ń dúró, tí ọmọ rẹ̀ wá di ọmọ ọdún méje, mẹ́jọ, láìwọ Pírámárì 1, ìyẹn ti kúrò ní ìdúró, ó ti di fífi ọmọ sílẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé pírámárì ìjọba ti ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ti ara wọn báyìí. Ẹ béèrè ní èyí tó bá wà ládùúgbò yín. Kì í ṣe ilé-ìwé aládàáni nìkan ló ń gba ọmọ ọdún márùn-ún.

ÀWỌN BÀBÁ WA FI ỌWỌ́ KAN ETÍ

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kó fi kan etí òsì. Ọwọ́ tó bá kan etí, ọmọ ti tó wọlé. Èyí tí kò bá kan án, kó padà sílé di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn àgbàlagbà wa ṣì ń fi ìtàn yìí pa ara wọn lẹ́rìn-ín níbi ìpàdé.

Èèyàn lè pè é ní ọgbọ́n ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ó nídìí. Orí ọmọ kékeré tóbi ju bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe gùn lọ. Bó bá ń dàgbà ni ọwọ́ ń gùn sí i, nígbà tó bá sì tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ọwọ́ á kan etí. Kò péye bí ìwé ọjọ́ ìbí, torí ọmọ mìíràn tètè ga, òmíràn kì í tètè ga. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá ara ọmọ ti gbó tó iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé fún un. Lóde òní, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìyẹn mọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá ó lè ka A dé Z.

Ẹ KÀ Á LÁTI ÌRÙ WÁ

Àwọn àgbà ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tí wọ́n bí ní oṣù Kẹta 2022. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án 2026, yóò jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́fà.

Bó bá wọ Pírámárì 1 ní 2026, tí kò fo kíláàsì kankan, yóò parí SS3 ní 2038, ní ọmọ ọdún 16.

Bó bá wọlé ní 2026, tí wọ́n wá mú un fo Pírámárì 6 gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ṣe ń ṣe, yóò parí ní 2037, ní ọmọ ọdún 15.

Bó bá dúró di 2027, yóò parí ní 2039, ní ọmọ ọdún 17.

Bó bá dúró di 2028, nígbà tó ti lé ní ọdún mẹ́fà, yóò parí ní 2040, ní ọmọ ọdún 18.

Àwọn kan wà tó ń wọlé kó tó pé ọdún mẹ́rin pàápàá, tí wọ́n tún fo Pírámárì 6. Irú wọn á parí SS3 lọ́mọ ọdún 14.

Ẹ wá wo ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Ní oṣù Keje 2024, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, kéde níbi ìpàdé JAMB pé ọmọ tí kò bá pé ọdún 18 ò ní máa wọ yunifásítì mọ́. Àwọn èèyàn pariwo, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n wá gbà pé kí ó jẹ́ 16 fún ọdún yẹn, kí 18 bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Ẹ rántí bí ara ò ṣe rọ òbí nínú oṣù mélòó kan yẹn. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Dókítà Tunji Alausa tó gba ipò náà dá a padà sí 16. Ọdún 16 yẹn ni wọ́n ṣì dì mú ní 2025. Wọ́n ṣí fèrèsé kékeré kan sílẹ̀ fún ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé ju ti ẹgbẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán 320 nínú 400 ní JAMB, kí wọ́n tún tó yẹ̀ ẹ́ wò síwájú. Kì í ṣe ohun tí òbí lè gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí ọmọ ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Ohun tí ìyẹn kọ́ wa ni pé mínísítà lè yí ọjọ́ orí yìí padà nígbàkigbà. Ọmọ tó bá parí ní 17 tàbí 18, èyí ó wù kí wọ́n yí i sí, kò ní kó sí wàhálà púpọ̀. Ọmọ tó parí ní 15 ló máa jókòó sílé.

Kódà kó tó kan yunifásítì, ìdánwò Common Entrance tí wọ́n fi ń wọ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ò gba ọmọ tí kò bá ní pé ọdún 10. Ọmọ tó sáré, tó fo Pírámárì 6, tó ṣì wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹnu ọ̀nà yẹn ti padé mọ́ ọn.

Nítorí náà, ìdúró yìí dà bíi gbèsè. Ẹ lè san án nígbà tí ọmọ wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ẹ sì lè sún un di ìgbà tó bá di ọmọ ọdún 15. Ṣùgbọ́n ẹ ó san án. Àwa oníṣòwò mọ̀ pé gbèsè tí èèyàn bá sún síwájú máa ń lé sí i. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó dúró fún ọdún kan, eré ni yóò máa ṣe. Ọmọ ọdún 15 tó parí SS3 tó wà nílé, tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìyá àti bàbá wà lọ́jà láti àárọ̀ dalẹ́, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?

ṢÙGBỌ́N ÌYANṢẸ́LÓDÌ Ń KỌ́?

Ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ jù nìyí: "Ẹ jẹ́ kó tètè bẹ̀rẹ̀, torí ASUU á jẹ ọdún rẹ̀." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò parọ́. Ní 2022, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá ni yunifásítì fi wà ní títì, oṣù mẹ́jọ gbáko. Àmọ́ ẹ ṣírò ìyẹn náà. Ọmọ tó wọ Pírámárì 1 ní ọdún mẹ́fà, tó ṣe ohun gbogbo lásìkò, á gboyè ní nǹkan bíi 22. NYSC ń gba ẹni tí kò tíì ju ọdún 30 lọ nígbà tó gboyè. Kódà bí ìyanṣẹ́lódì bá jẹ ọdún méjì nínú ẹ̀, ààyè ṣì wà. Ohun tí ìyanṣẹ́lódì ń gbà lọ́wọ́ ọmọ lókè, èèyàn ò lè fi ọdún méjì nísàlẹ̀ san án padà fún un, àgàgà tó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ yẹn ni ìpìlẹ̀ ilé.

ÌDÍ TÍ ÀWA TÓ WÀ LẸ́YÌN ODI FI Ń SÁRÉ JÙ

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ibẹ̀. Nílé wa, ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìwó tàbí Ẹ̀jìgbò, ọmọ ọdún méjì, mẹ́ta, ìyá àgbà ló ń bá wa wò ó. Àwọn àǹtí wà, ọmọ ẹ̀gbọ́n wà, agbo ilé kún. Níbí, yàrá méjì la gbà. Ìyá jí lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, bàbá ti bá mọ́tò lọ. Ta ni ọmọ máa bá jókòó? Ilé-ìwé ló di ìyá àgbà fún wa. Bí ọmọ ṣe ń wọ ilé-ìwé lọ́mọ ọdún méjì nìyẹn, kì í ṣe pé ìwé ń wù wá ju àwọn ará ilé lọ.

Kò sí àbùkù níbẹ̀ rárá. Ẹ gbọ́ orúkọ tí àwọn àgbà wa sọ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀: jẹ́lé-ó-sinmi. Kí ilé lè sinmi. Wọ́n mọ̀ pé ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n ń wá, wọn ò sì fi bò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú ni pé nǹkan méjì la ń rà pọ̀ láìmọ̀. Èkíní ni ìtọ́jú: ẹni tó máa wo ọmọ, tó máa fún un lóunjẹ, tó máa jẹ́ kó sùn lọ́sàn-án. Èkejì ni àkàbà kíláàsì: Nọ́sìrì 1, Nọ́sìrì 2, KG, Pírámárì 1. Bí ọmọ bá ti gbẹ́sẹ̀ lé àkàbà yẹn lọ́mọ ọdún méjì, tí ilé-ìwé ń gbé e gòkè lọ́dọọdún, ó di dandan kó bọ́ sí Pírámárì 1 kó tó pé mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó jókòó pinnu ẹ̀. Àkàbà ló gbé e lọ.

Nítorí náà, kí òbí tó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé kí ọmọ òun dúró má rò pé ó túmọ̀ sí kí ọmọ máa bá òun jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ lè máa lọ sí ilé-ìwé kan náà, lọ́wọ́ tíṣà kan náà, kó máa jẹun níbẹ̀, kó máa ṣeré níbẹ̀. Ẹ kàn ní kí wọ́n má gbé e gòkè lọ́dún yìí ni. Owó kíláàsì ìsàlẹ̀ kì í sábà ju ti òkè lọ. Ìyá á rójú ṣọjà, ọmọ á sì gba ọdún kan sí i kí ara àti ọpọlọ rẹ̀ gbó.

ṢÉ ÌDÚRÓ MÁA Ń ṢE ỌMỌ LÓORE LÓÒÓTỌ́?

Ó ń ṣe é lóore, ṣùgbọ́n kò tó bí àwọn kan ṣe ń pọ́n ọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ará wa wà, ọmọ ń wọ ilé-ìwé ní oṣù Kẹsàn-án lẹ́yìn tó bá pé ọdún mẹ́rin. Ọmọ tí wọ́n bí ní òpin oṣù Kẹjọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rin, á sì jókòó ti èyí tí wọ́n bí ní oṣù Kẹsàn-án tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé márùn-ún. Àwọn olùwádìí ibẹ̀ ti rí i pé àwọn tó kéré jù ní kíláàsì máa ń wà lẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni àlàfo náà ń dín kù, àmọ́ kì í tán pátápátá títí wọ́n fi ṣe ìdánwò ọmọ ọdún 16. Òbí tó bí ọmọ láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹjọ lè bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ pé kí ọmọ òun dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n tún rí i pé ọmọ tó kéré jù ní kíláàsì ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó ní àìsàn àìlèjókòó-jẹ́ẹ́. Ẹ ronú sí ìyẹn. Kékeré ló ṣì kéré, wọ́n pè é ní àìsàn. Níbí, àwa kì í pè é ní àìsàn. Olódo là ń pè é. Tíṣà á fi ẹgba nà án pé kò lè kọ nọ́ńbà láti 1 dé 100, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó jókòó tì í fi ọdún kan ààbọ̀ jù ú lọ. Ọmọ náà á gbà pé òun ò mọ̀wé. Ìgbàgbọ́ yẹn máa ń pẹ́ lára ọmọ ju àpá ẹgba lọ.

Ní Finland, ọmọ ọdún méje ni ń bẹ̀rẹ̀ pírámárì. Ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó lásán ṣáájú ìgbà yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn, tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n ti ń kọrin, tí wọ́n ti ń gbọ́ ìtàn ni wọ́n wà. Ìyẹn ló ń mú kí ìdúró wọn lérè. Ọmọ tó dúró sílé tó jẹ́ fóònù ló ń wò láti àárọ̀ dalẹ́ lábẹ́ káńtà ìyá rẹ̀, kò lè jèrè nǹkan kan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó kúkú máa lọ sílé-ìwé.

OHUN TÍ Ẹ Ó WÒ LÁRA ỌMỌ

Ìka ò dọ́gba. Ọmọ méjì tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan lè tó, èkejì lè máì tíì tó. Ẹ má fi A-B-C wò ó, torí ayékòótọ́ náà lè ka A-B-C. Ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Ṣé ó lè lọ ṣe ìgbẹ́ àti ìtọ̀ fúnra rẹ̀, kó sì fi omi nu ara rẹ̀? Ṣé ó lè jẹun láìsí pé wọ́n ń fi sí i lẹ́nu?

Bí ẹ bá rán an níṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan, bíi "lọ mú bàtà rẹ wá, kó o sì ti ilẹ̀kùn," ṣé ó lè ṣe méjèèjì láìgbàgbé?

Bí nǹkan bá ń dùn ún, ṣé ó lè sọ fún àgbàlagbà tí kì í ṣe ìyá rẹ̀?

Bí ẹ bá fi sílẹ̀ lọ, ṣé ẹkún rẹ̀ ń dá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àbí ó ń sunkún títí wọ́n á fi wá mú un, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan?

Ṣé ó lè jókòó ti ìtàn kan tàbí eré kan fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ṣé ó lè dúró de àsìkò tirẹ̀ nínú eré?

Ṣé ó ń fi ìka di pẹ́ńsù mú dáadáa, àbí gbogbo ọwọ́ ló fi ń gbá a mú?

Ọmọ tó bá ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó sì ti lé ní márùn-ún ààbọ̀, kò sí ohun tó ń dá a dúró. Èyí tí kò bá tíì lè ṣe púpọ̀, tó tún jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ààbọ̀, ẹ jẹ́ kó dúró, ọkàn yín á balẹ̀.

Ẹ tún ka wákàtí tí ọmọ ń lò lóde. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń ti ilé-ìwé bọ́ sí lẹ́sìn, wọ́n á ti lẹ́sìn bọ́ sí ilé-kéwú, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní Islamiyya. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin tó jáde ní aago méje àárọ̀, tó wọlé ní mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ tó ń ṣe ti tó ti àgbàlagbà. Bí kò bá ṣeé ṣe láti yọ ọ̀kan, kíláàsì ìsàlẹ̀ ni kó wà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí wọ́n sùn.

Ọ̀RỌ̀ ÈDÈ

Èyí kan àwa gan-an. Ọmọ wa ń gbọ́ Yorùbá nínú yàrá, Hausa nínú kọ́ńpáùndì, Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé. Bó bá dé kíláàsì, ó lè dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Tíṣà á ní ọmọ yìí ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ dá a dúró, tàbí ẹ má sọ Yorùbá sí i mọ́. Ẹ má gbà. Ọmọ tó dákẹ́ nínú èdè tuntun, etí ló ń fi gbà á. Bó bá ń sọ̀rọ̀ geerege ní Yorùbá nílé, kò sóhun tó ń ṣe é, èdè nìkan ò sì tó ìdí láti dá a dúró.

Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Èdè ilé tó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun ló ń gbé èdè yòókù. Ọdún kan tí ọmọ bá fi dúró, ìtàn ìjàpá, àlọ́ àti orin ni kí ẹ fi kún un fún un.

Àwọn kan máa ń fi ọdún ìdúró yìí rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà nílé. Ó lè dára fún èdè àti ìwà. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ dé ìparí rẹ̀, kí ẹ máa pè é lórí fóònù déédéé, kí ẹ sì rí i pé ara ìyá àgbà gbé e.

ÌGBÀ TÍ ÌDÚRÓ LÈ PA ỌMỌ LÁRA

Bí ọmọ ọdún mẹ́rin kò bá tíì máa sọ gbólóhùn ní èdè kankan, tí kì í dáhùn bí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìn, tó ń gbé ìwé mọ́jú, tàbí tí etí rẹ̀ ń ṣọyún lemọ́lemọ́, ìdúró kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí á ní, "Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀." Bẹ́ẹ̀ etí ló ń dun ọmọ. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Fún àwa tó wà lókè Ọya, ọsibítù ńlá ti ìjọba àpapọ̀ tó wà fún etí, National Ear Care Centre, wà ní Kàdúná, ti ojú náà, National Eye Centre, wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọsibítù yunifásítì náà ní dókítà etí àti ojú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó máa lọ sílé-ìwé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àti tíṣà wúlò fún un ju àdádó lọ.

Bó bá sì jẹ́ pé owó ló fa ìdúró, ẹ má fi pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ọmọ tó ti pé mẹ́fà, ilé-ìwé ìjọba sàn ju ilé lọ.

Ẹ MÁ FỌWỌ́ KAN ỌJỌ́ ORÍ

Ìwà kan wà tó ti wọ́pọ̀: ọmọ ti sáré parí, òbí wá lọ gba ìwé ìbúra ní kóòtù láti fi ọdún méjì kún ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Nọ́ńbà NIN ni JAMB ń lò báyìí, ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ ló sì ń tẹ̀ lé ọmọ lọ sí báńkì, páásípọ́ọ̀tù àti NYSC. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN ń náni lówó, ó sì ń fa ìbéèrè. Ẹ gba ìwé ọjọ́ ìbí ní àjọ NPC nígbà tí ọmọ ṣì wà ní jòjòló, kí ẹ sì jẹ́ kí òótọ́ wà níbẹ̀.

KÍ ILÉ-ÌWÉ TÓ WỌLÉ

Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kó tó gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Ọmọ ọdún mélòó ló pọ̀ jù ní Pírámárì 1 yín? Ṣé ẹ ń ṣe Pírámárì 6, àbí ẹ̀ ń fò ó? Bí a bá ní kí ọmọ wa tún KG ṣe, ṣé ẹ ó gbà, èló sì ni? Ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ tíṣà kan? Ilé-ìwé tó bá bínú sí ìbéèrè yìí ti dá yín lóhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi tíṣà tó wà pẹ̀lú ọmọ lójoojúmọ́, kì í ṣe olówó ilé-ìwé nìkan. Bí tíṣà bá ní "Màmá, ẹ jẹ́ kó ní sùúrù díẹ̀," ẹ fetí sí i, torí kò rí èrè kankan nínú ẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa náà ní ipa tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, a ní gbọ̀ngàn tó ń ṣófo láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, a sì ní àwọn ìyá àgbà tó ti fi ọjà sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá fi ẹní sílẹ̀, tó gbé omi àti oúnjẹ síbẹ̀, tí ìyá kọ̀ọ̀kan ń dá owó díẹ̀, àwọn ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin á ríbi jókòó tí wọ́n á ti máa gbọ́ Yorùbá, láìgùn àkàbà kankan. Ẹ gbé e wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ti ń ṣe irú rẹ̀, kí akọ̀wé wọn kọ̀wé sí wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é, iye tí wọ́n ń dá àti ibi tó ti ṣòro, ká lè gbé e jáde kí àwọn ìlú yòókù rí i kà kí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀.